Kìlómítà Mẹ́ta Tí Kò Ní Àmì

14 Oṣù Ẹrẹ́nà, Sátidé

Wọ́n ní èmi ni mo ti òkè pa. Irọ́ ni. Ta ló lè ti òkè? Ohun tí wọ́n tì ni Steinbu, ilé ìsinmi tó wà lórí òkè, àwọn olórí ẹgbẹ́ arìn-òkè ló sì tì í láti olú-ìlú nítorí àrùn kòrónà yìí, bí wọ́n ṣe ti gbogbo irú rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Èmi kàn gbé ìwé ìkéde lọ kàn mọ́ ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ni. Ṣùgbọ́n Tíṣà Torbjørg, alága ẹgbẹ́ wa ní Øvredal, ti kọ orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù mi sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, kí àwọn èèyàn lè rí ẹni bi léèrè. Wọ́n ti rí ẹni bi. Ìpè mọ́kàndínlógójì láti àná.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìlà wa ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó parí. Èmi àti Bàbá Aslak, àgbà nínú ẹgbẹ́, gbin ẹgbẹ̀tàlá ẹ̀ka igi sínú yìnyín, láti ibi ìgbọ́kọ̀sí wa títí dé ààlà Nordlia tó wà lódìkejì òkè, kí ẹni tó bá ń fi sikí, pákó gígùn tí a ń so mọ́ ẹsẹ̀, rìn lórí òkè nígbà Àjíǹde má bàa ṣìnà bí kùrukùru bá bolẹ̀. Ọwọ́ mi ò tíì jinná. Òkè wá ń wò wá, kò sẹ́ni tó máa gùn ún.

16 Oṣù Ẹrẹ́nà

Ìwọ̀n òtútù mọ́kànlá sábẹ́ òdo, afẹ́fẹ́ láti àríwá. Mo lọ pààrọ̀ àgádágodo Steinbu. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ní kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ kan náà sì ni, láti ìpẹ̀kun orílẹ̀-èdè dé ìpẹ̀kun. Nítorí náà, bí a bá ní a ti ilé òkè pa láìpààrọ̀ àgádágodo, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìka mi mẹ́ta kú tán kí n tó yọ ti àtijọ́.

Mo kó bọ́tà àti wàràkàṣì tó ṣẹ́kù níbẹ̀ wálé. Màmá mi ní òun ò ní jẹ ohun tí àlejò ti fọwọ́ kàn. Mo dá jẹ ẹ́.

20 Oṣù Ẹrẹ́nà

Òfin tuntun láti àná: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sùn nínú ilé òkè rẹ̀ bí kì í bá ṣe ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ló ń gbé. Ọ̀gbẹ́ni Preben, tó kọ́ ilé sí ẹ̀bá igbó lókè ọ̀dọ̀ wa láti ogún ọdún, pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó jẹun àárọ̀. Ó ní òun ló rà á, òun ló kọ́ ọ, ó sì ń san owó tí a fi ń tún ọ̀nà sikí ṣe lọ́dọọdún.

"Ìwọ Sjur wá fẹ́ sọ fún mi pé n ò gbọdọ̀ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi?"

Mo ní èmi kọ́ ni mo ṣòfin, sà.

"Orúkọ ẹ ló wà lára ìwé."

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ wo páìpù omi kó má dì. Mo lọ. Èèyàn burúkú kọ́ ni, ohùn rẹ̀ ló ga.

Ìgò kékeré ọṣẹ olómi ìfọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù Kåre: króònà mọ́kàndínláàádọ́jọ. Lóṣù tó kọjá, mọ́kàndínlógójì ni. Kåre ní òun kọ́, ibi tí òun ti rà á ni.

22 Oṣù Ẹrẹ́nà, Sọ́ńdè

Ọkọ̀ mẹ́rìnléláàádọ́rin. Àyè ọkọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà.

Wọn ò lè sùn nílé òkè, nítorí náà wọ́n ń jí wá láti ìlú, wọ́n ń gun òkè, wọ́n ń padà lọ lọ́jọ́ kan náà. Òfin ò sọ pé kí èèyàn má rìn. Gbogbo ilé sinimá àti ilé ìdárayá ni wọ́n ti tì, níbo ni kí wọ́n lọ? Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ ní kí a ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pa nítorí àrùn, èmi sì ni mo tì í. Ẹ̀yìn àká wa ló wá di ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọkọ̀ tó ń wá gbé wàrà lọ ò rí ọ̀nà kọjá fún wákàtí kan. Màmá mi dúró sí ojú ọ̀nà, ó ń bá gbogbo wọn wí bí ẹni ń lé àgùntàn.

Mo ní kí obìnrin kan kó ohun tí ajá rẹ̀ ṣe sílẹ̀. Ó ní ṣé n ò rí i pé títì ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Mo ní ajá kì í lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní òun máa fi ẹjọ́ mi sùn. Mo fi nọ́ńbà hàn án lára ìwé: èmi náà ni kó pè.

25 Oṣù Ẹrẹ́nà

Ìpàdé ẹgbẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, àwa méje. Inú bí mi débi pé n ò lè jẹun alẹ́.

Tíṣà ló bẹ̀rẹ̀. Ó sọ iye ọkọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè. Ó ní nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà ní Øvredal, ọkọ̀ aláìsàn sì ń gba wákàtí kan àti ààbọ̀ kó tó dé. Bí àlejò kan bá kán lẹ́sẹ̀ lórí òkè, nọ́ọ̀sì yẹn ló máa fi ilé àwọn arúgbó sílẹ̀ lọ gbé e. N ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Lẹ́yìn náà ló ní kí a fa àwọn ẹ̀ka tu. Àlejò tí ò bá rí ẹ̀ka, á wo òkè, á padà sílé.

Kåre ní láti fa kìlómítà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tu, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni fún ẹni méjì, ẹni méjì ò sì gbọdọ̀ jókòó sórí alùpùpù yìnyín kan náà báyìí. Wọ́n wá ní kí a fa kìlómítà mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan, láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé etí adágún Svartvatn.

Mo ní kí wọ́n fa gbogbo ẹ̀ tu tàbí kí wọ́n fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti Nordlia bọ̀ máa tẹ̀ lé ẹ̀ka dé etí adágún, ẹ̀ka á sì tán mọ́ ọn lójú níbi tí ó yẹ kó yà sí òsì. Bó bá lọ tààrà, ẹnu odò ló ń lọ. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ń fa omi lábẹ́ ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù. Yìnyín ń bò ó lókè, inú rẹ̀ ṣófo. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n bí wọn síbẹ̀.

Kåre ní ta ló ń ti Nordlia bọ̀ lọ́dún yìí, nígbà tí wọ́n ti ti Steinbu pa, tí kò síbi tí wọ́n á sùn?

Ẹni márùn-ún nawọ́ sókè fún fífà. Èmi nìkan ni mo lòdì. Ó ku Bàbá Aslak. Mo rí i nínú kọ̀ǹpútà, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó ń lu tábìlì, kò sí ohùn kankan. Tíṣà ní ẹ̀rọ yín ò sọ̀rọ̀, Bàbá. Kò gbọ́. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, ó tọ́ka sí nǹkan kan lójú fèrèsé, ó sì fẹ̀yìn ti àga bí ẹni tó ti jàre. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dìbò.

26 Oṣù Ẹrẹ́nà

Tíṣà pè mí láàárọ̀ pé kí n lọ fà wọ́n tu, nítorí èmi ni olùtọ́jú ìlà. Ọdún méje ló fi kọ́ mi nílé ìwé oníyàrá méjì tó wà níwájú ilé wa. Òun ló fi ara rẹ̀ dúró fún mi kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ yìí fún mi. N ò tíì já a níyàn lórí ohun tó bẹ̀ mí rí.

Mo ní, "Tíṣà, mi ò ní fà á."

Ó ní, "A ti dìbò, Sjur."

"Mo gbọ́. Mi ò ní fà á."

Ó gbé fóònù sílẹ̀ láìsọ pé ó dàbọ̀. Láti ọmọdé mi, n ò gbọ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

28 Oṣù Ẹrẹ́nà, Sátidé

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé màlúù: òun àti ọkọ rẹ̀, lórí sikí, wọ́n ń fa ẹ̀ka tu ní ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dì í, wọ́n ń wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó di agogo mẹ́rin kí wọ́n tó ṣe tán. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jókòó sórí yìnyín sinmi. Ọwọ́ ń yún mi láti lọ bá a gbé ẹrù. N ò lọ.

Ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀ka ló wà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ báyìí, wọ́n tò ó dáadáa bí igi ìdáná. Kò sí iṣẹ́ tó ń ṣe tí kì í tò.

30 Oṣù Ẹrẹ́nà

Yìnyín. Ó ti bo gbogbo ipa ẹsẹ̀.

2 Oṣù Igbe

Ọkọ̀ mọ́kànlá péré lánàá, méje lónìí. Tíṣà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ pé ìpinnu wa ti so èso.

Ibi tí ó so sí ni mo fẹ́ mọ̀, mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Nordlia. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ni gbogbo ọkọ̀ yẹn ń kóra jọ sí báyìí, nítorí ìlà tiwọn ṣì dúró. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tiẹ̀ ń fi í ṣe ìdíje, ta ló lè la òkè já dé Øvredal lóòjọ́ kan ṣoṣo. Steinbu tí a tì ò dí wọn lọ́wọ́. Kò sóhun tó kàn wọ́n kan bẹ́ẹ̀dì.

Mo pe ẹgbẹ́ Nordlia. Ọkùnrin tó gbé e ní ìlà tó kọjá ààlà kì í ṣe tàwọn. Mo pe ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni. Mo pe Tíṣà. Ó ní òun ò ní pe ìpàdé lórí ohun tí a ti dìbò lé, àti pé bí mo bá gbin ẹ̀ka ẹyọ kan láìgbàṣẹ, kí n kó kọ́kọ́rọ́ alùpùpù yìnyín sílẹ̀.

Mo lọ la igi títí ilẹ̀ fi ṣú. A ò nílò igi.

5 Oṣù Igbe, Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ

Mo gbé wàrà àti búrẹ́dì lọ fún Bàbá Aslak. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, dókítà sì ní kó jìnnà sí èèyàn. Mo gbé e ka orí òpó géètì, mo sún sẹ́yìn.

"O ti jìnnà jù. Àbí mò ń rùn?"

Mo ní òfin ni. Ó ní kò burú, kí n kàn sọ fún òun ìdí tí ẹgbẹ́ fi ṣe òdìkejì ohun tí òun sọ nípàdé. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó sọ fún un.

"A ò gbọ́ yín, Bàbá. Ẹ ò tan ohùn."

Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà pẹ́, lẹ́yìn náà ó fi ibọ̀wọ́ nu ojú. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun sọ ò pọ̀: pé bàbá òun ló yí ìlà ká ẹnu odò, ní ọdún tí ẹṣin àti ẹrù wọnú omi níbẹ̀, tí wọ́n sì rí ẹṣin nìkan. Ó ní kí wọ́n fa ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ tu, kí wọ́n fi ibi tó yà yẹn sílẹ̀.

Mo bi í pé ẹ̀ka mélòó ni.

"Ọgọ́ta. Yí i ká ẹnu odò títí wọ́n á fi rí òrùlé ilé wa. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa yí bọ̀ bí àgbá."

Mo sọ fún un pé Tíṣà máa gba kọ́kọ́rọ́ alùpùpù.

"Ṣé alùpùpù ló kọ́ ẹ rìn ni?"

7 Oṣù Igbe

Ọgọ́ta ẹ̀ka, lórí pákó tí a ń wọ́ lórí yìnyín, pẹ̀lú sikí. Ìwọ̀n mẹ́fà sábẹ́ òdo, oòrùn. Yìnyín le bí pákó lókè. Gbogbo ihò ni mo fi ọ̀pá irin lu. Ní ẹnu odò, mo dùbúlẹ̀ mo na ọ̀pá síwájú mo sì tẹ̀ ẹ́: ó wọlé bíi pé inú kéèkì ni, lẹ́yìn náà kò kan nǹkan kan mọ́. Mo fà á padà díẹ̀díẹ̀. Mo gbin èyí tó sún mọ́ ibẹ̀ jù ní méjì-méjì, wọ́n kọ́ra bí àgbélébùú.

Ẹ̀yìn ń ro mí. Inú mi dùn fún bíi wákàtí méjì.

8 Oṣù Igbe

Kåre ti fi awò tí ó fi ń wo ẹranko wò mí láti fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó bọ́ bàtà ni Tíṣà ti gbọ́.

Ó dúró sí ẹnu géètì wa láàárọ̀ yìí. Ó bọ́ ibọ̀wọ́ kan, ó tẹ́ ẹ sórí yìnyín láàárín wa, ó ní kí n gbé kọ́kọ́rọ́ lé e.

"Ta ló ní kí o gbìn ín?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n gbìn ín."

"Ẹni márùn-ún ló dìbò, Sjur."

"Adágún ò dìbò, Tíṣà."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní báyìí ni mo ṣe láti kékeré, pé mo jókòó wákàtí méjì lẹ́yìn tí ilé ìwé parí nígbà kan nítorí pé n ò gbà pé ìṣirò mi kò tọ̀nà.

"Ó tọ̀nà."

"Kò tọ̀nà. Mo ṣì ní ìwé náà nílé."

Ó gbé ibọ̀wọ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ó lọ. Kò ní kí n má wá síbi iṣẹ́. Kí n lọ jókòó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí kí n máa ka ọkọ̀, iṣẹ́ tí ó ṣẹ́kù fún mi nìyẹn.

9 Oṣù Igbe, Ọjọ́bọ̀ Mímọ́

Kùrukùru láti òwúrọ̀. N ò rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Ọkọ̀ méjì.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta, mo gbọ́ sikí. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan jáde láti inú funfun yẹn, ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni wọ́n, wọ́n tutù dé egungun. Láti Nordlia ni wọ́n ti ń bọ̀. Mo dìde. Mo fẹ́ bi wọ́n ní ohun kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní ta ló ń bójú tó ìlà yìí? Mo ní èmi ni, tàbí kó jẹ́ pé èmi ni tẹ́lẹ̀. Ó ní kí ojú tì mí. Ó ní ẹ̀ka dáa títí dé adágún, ó dáa yí adágún ká, ó wá tán lójijì bí ẹni tí iṣẹ́ sú, àwọn sì fi wákàtí kan ṣubú kiri nínú igbó kí àwọn tó rí ọ̀nà. Ó ní irú iṣẹ́ jákujàku báyìí kì í ṣẹlẹ̀ ní Nordlia.

Mo bi obìnrin náà bóyá wọ́n rí nǹkan kan níbi tó yà.

Ó ní, "Àwọn ẹ̀ka méjì-méjì yẹn? A fọwọ́ kan wọ́n lọ ni, nítorí a ò rí ara wa. Omi dúdú wà ní apá ọ̀tún. Mo ń gbọ́ ọ."

Ọkùnrin náà ní ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ó ya fọ́tò ìwé ìkéde nítorí orúkọ mi. Mo lọ jókòó sínú àká. N ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín.

10 Oṣù Igbe, Ọjọ́ Ẹtì Rere

Ìwé ẹ̀sùn ọkùnrin náà dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ láàárọ̀. Tíṣà pè, ó sì ka gbogbo ẹ̀ fún mi, ojú ìwé kan àti ààbọ̀, pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka àròkọ wa láyé àtijọ́. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ kan ẹ̀ka lọ, tí omi wà ní ọ̀tún, ó dúró. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, ó tún un kà.

N ò sọ fún un pé mo ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó nira.

Ó ní, "Mélòó ló ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Òjìlénígba."

"Agogo mẹ́sàn-án lọ́la. Mú ọ̀pá irin méjèèjì dání."

Mo bi í pé ìdìbò ńkọ́. Ó ní òun ti pe gbogbo wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, àti pé Bàbá Aslak náà ti dìbò, lórí fóònù tó ní ohùn. Kò tọrọ àforíjì. Èmi náà ò retí ẹ̀. Kò mẹ́nu ba kọ́kọ́rọ́.

11 Oṣù Igbe, Sátidé

Ojú ọjọ́ mọ́. Ìwọ̀n mẹ́rin sábẹ́ òdo. Mo fẹsẹ̀ rìn, ọ̀pá irin méjì léjìká.

Mo rò pé èmi àti Tíṣà nìkan ni, n ó sì máa gba ìbáwí títí dé etí adágún. Ó ti dé kí n tó dé, ó ti di ẹ̀ka mọ́ ẹ̀yìn, ó sì ti ń bá mi wí pé mo pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin. Òun ni ẹni kìíní. Ọkọ rẹ̀ ni ẹnì kejì. Ó fún mi ní kọfí nínú ife tó ní òun ò tíì fẹnu kàn. Ẹnì kẹta ni Kåre. Kò wò mí lójú, ó kàn bèèrè ibi tí kóun ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní ibi tí kò ti ní nílò awò. Màmá mi tẹ̀ lé e, nínú bàtà tó fi ń fún wàrà. Àwọn obìnrin méjì tó ń tọ́jú àwọn arúgbó wá láti ibi iṣẹ́ wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ òru, ojú wọn wú. Ìyẹn jẹ́ mẹ́fà.

Tíṣà pàṣẹ pé èèyàn ò gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ níbì kan, kí a má kóra jọ. Ìgbà yẹn ni Bàbá Aslak fi sikí wọ̀ wá. Tíṣà ní kó padà sílé, pé dókítà ní kó má wà láàárín èèyàn.

Ó ní, "Mítà mẹ́wàá ló wà láàárín ẹ̀ka kan sí èkejì, láti ìgbà ayé bàbá mi. Àárín ta ni mo wà?"

Bí a ṣe tò nìyẹn, ẹnì kan sí ẹ̀ka kan, mítà mẹ́wàá mẹ́wàá, láti ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ sókè. Bàbá Aslak ni ẹnì keje. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò tún ń bọ̀, mo rí wọn lójú ọ̀nà, àwọn tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sọ pé èmi ni mo ti òkè pa. Ẹni kẹjọ. Ẹni kẹsàn-án, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ẹni kẹwàá. Mo ka ẹni kọkànlá, Kåre sì pè láti òkè pé ilẹ̀ ti le jù fún òun, kí n gbé ọ̀pá irin wá. Mo fi kíkà sílẹ̀, mo gùn lọ bá a.